Ẹ̀jẹ́ Àkànní àti Gìtá Pupa

Ní gbogbo Ogida, àdúgbò kan ní ìlú Benin, a kò tíì rí ẹni tí ó bá Àkànní nájà tí ó fi ẹ̀rín jáde. Ìṣó, ìdè ilẹ̀kùn àti àgádágodo ni ó ń tà, ó sì ń gé kọ́kọ́rọ́ fún ẹni tí tirẹ̀ bá sọnù. Ọmọ Ìkìrun ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Benin débi pé "Baba Nail" ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí ó bá ń tajà, ohùn rẹ̀ á rọ̀. Bí ó bá wá jẹ́ pé òun ni ó ń rajà, kí Ọlọ́run ṣàánú ẹni tó ń tà á fún un. Ìyàwó rẹ̀, Ọláníkẹ́, kì í tẹ̀ lé e lọ sọ́jà mọ́, nítorí ojú ń tì í láti dúró ti ọkùnrin tí ó ń ná tòmátò bí ẹni ń ná ilẹ̀.

Ọkùnrin yìí ni ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ ní ọdún 1983. Inú rírun kan dá a dùbúlẹ̀, àwọn dókítà sì ní àfi kí àwọn ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Màmá Ọlábísí wá gbàdúrà fún un ní ọsibítù. Màmá yìí ni Ìyá Ìjọ, olórí gbogbo obìnrin nínú ìjọ Yorùbá tí Àkànní àti ìyàwó rẹ̀ ń lọ. Ẹ̀rù ti ba Àkànní kọjá ààlà. Ó di ọwọ́ ìyá náà mú.

"Ìyá, ẹ bá mi gbọ́ o. Bí Ọlọ́run bá gbé mi dìde lórí bẹ́ẹ̀dì yìí, Fadékẹ́ ọmọ mi yóò ta gìtá yìn Ín níwájú gbogbo ìjọ níbi ìkórè tó ń bọ̀."

"Àmín," ni Ìyá Ìjọ wí, ó sì di ọ̀rọ̀ náà mọ́ inú bí ẹni di owó mọ́ etí ìró.

Ọlọ́run gbé Àkànní dìde. Kò pẹ́ tí ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, tí ó tún ń jà lórí owó ìṣó. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ Ìsinmi tí Ìyá Ìjọ kì í dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. "Bàbá Fadékẹ́, ìkórè ń sún mọ́lé o. Ẹyin lọ̀rọ̀ o." Àkànní á rẹ́rìn-ín, á ní kí ìyá má ṣèyọnu, òun àti Ọlọ́run ti gbọ́ ara wọn yé.

Fadékẹ́ nìkan ni ọmọ tí òun àti Ọláníkẹ́ bí, lẹ́yìn tí àwọn ará ilé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sú wọn pẹ̀lú ìmọ̀ràn. Ọmọ náà ti wọ yunifásítì, ó gba yàrá sí Ekosodin lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì, ó sì ń wálé ní Sátidé bí àyè bá gbà á. Benin ni wọ́n bí i sí, Benin ni ó dàgbà sí. Kò sí Yorùbá tí o lè sọ tí kò ní gbọ́, àti èyí tí o fi òwe bò, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tàbí Pidgin ni yóò fi dá ọ lóhùn. Àkànní kò rí i kí ó ta gìtá rí. Dókítà Adégbọlá, olùkọ́ kan ní yunifásítì tí òun náà ń wá sí ìjọ wọn, ni ó sọ fún un, kí àìsàn náà tó dé, pé nínú ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni, bí Fadékẹ́ bá ta gìtá, àwọn tó ti fẹ́ máa lọ ilé á tún jókòó. Orí Àkànní wú. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ gìtá ti wà lọ́kàn rẹ̀. Àmọ́ gìtá ẹgbẹ́ ni ọmọ náà ń lò lọ́hùn-ún, wọn kì í sì í jẹ́ kí ó kúrò nínú ọgbà. Bàbá ní láti ra tirẹ̀ fún un.

Ṣọ́ọ̀bù Osayande wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Ogbe. Ohun àlòkù ni Osayande ń tà, fáànù, rédíò, ẹ̀rọ ìránṣọ. Gìtá oníná kan tó pupa bí ata so kọ́ sára ògiri níbẹ̀, eruku sì ti bò ó. Àkànní rí i láti ìta, ṣùgbọ́n kò wò ó. Ó béèrè iye fáànù. Ó béèrè iye ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì bú u pé ó ti dípẹtà. Nígbà tó yá ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ na ìka sí gìtá bí ẹni tó ṣèèṣì rí i.

"This one nko? E dey work?"

"E dey work well well, Baba Nail."

Àkànní dárúkọ iye kan tí ojú ti òun fúnra rẹ̀ láti gbọ́. Osayande kò tilẹ̀ jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀. Ó gun orí àga, ó gbé gìtá náà sọ̀ kalẹ̀, ó fi aṣọ nu ún.

"Carry am go. Na because say na you."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Àkànní ti kó jọ sẹ́nu ni kò wúlò mọ́. Ó dà bí ẹni tó bọ́ ẹ̀wù láti jà tí ọ̀tá rẹ̀ wá kí i pé ẹ kú iṣẹ́. Ó yẹ kí ara fu ú. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá ti ń yin ènìyàn fún, ibẹ̀ gan-an ni ojú rẹ̀ kì í ti í ríran. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òkìkí òun ti dé Ogbe, ó sì gbé gìtá lọ sílé tayọ̀tayọ̀.

Èṣùbíyì ni ó da omi tútù sí ayọ̀ náà. Ọ̀rẹ́ Àkànní ni, ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń tún rédíò ṣe sì fara kan ti Àkànní, débi pé ògiri kan ló là wọ́n. Ó gba gìtá náà, ó gbé e síwájú bí onígìtá ti ń gbé e, ó yí i lọ, ó yí i bọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín mú un, títí sìgá fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Àkànní, gìtá ọwọ́ òsì ni wọ́n tà fún ọ! Àwọn tó ń fi ọwọ́ òsì ta á ni wọ́n ṣe é fún. Wò ó, bí mo bá gbé e bó ṣe yẹ, okùn tó nípọn, tó yẹ kó wà lókè, ìsàlẹ̀ ló wà. Láti ìgbà tí mo ti mọ Osayande ni nǹkan yìí ti ń bẹ lára ògiri rẹ̀. Ta ni ìbá rà á?"

Ojú ti Àkànní. Kò ṣeé dá padà, nítorí bí ó bá dá a padà, kí ọ̀sán tó pọ́n gbogbo Benin á ti gbọ́ pé wọ́n rẹ́ Baba Nail jẹ. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì náà sì tún bí i nínú lọ́tọ̀. Nínú ilé rẹ̀, a kì í fi òsì gba nǹkan, a kì í fi òsì fúnni. Fadékẹ́ gan-an, nígbà tó wà ní kékeré, òsì ni ó máa ń kọ́kọ́ nà sí oúnjẹ, àfìgbà tí ìyá Àkànní wá láti Ìkìrun tí ó fi ewúro pa ọwọ́ náà títí ó fi gbàgbé rẹ̀. Ní báyìí, ọ̀tún ni ọmọ náà fi ń jẹun, ọ̀tún ni ó fi ń kọ̀wé. Ṣé òsì ni wọ́n á wá fi yin Olúwa?

"A óò tún un ṣe," ni Àkànní wí.

"A óò tún un ṣe," ni Èṣùbíyì náà dáhùn, nítorí òun náà fẹ́ràn kí ó máa tú nǹkan palẹ̀.

Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ náà dùn mọ́ Àkànní ju bó ti rò lọ. Ó tú gbogbo okùn, ó sì pa ipò wọn dà, kí èyí tó nípọn lè bọ́ sókè fún ẹni tó bá ń lo ọwọ́ ọ̀tún. Ibẹ̀ ni ó ti rí i pé ike kékeré kan wà lókè ọrùn gìtá tí wọ́n la ojú sí, ojú kọ̀ọ̀kan fún okùn kọ̀ọ̀kan, okùn tó nípọn kò sì lè wọ ojú tí wọ́n là fún èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ó fa ike náà yọ, ó kán. Kí ni yóò fi dípò rẹ̀? Ó ronú, ó rìn wọ ilé ìdáná.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà Ọláníkẹ́ kígbe. "Bàbá Fadékẹ́, egungun ẹsẹ̀ màlúù tí mo fẹ́ fi se ọbẹ̀ dà?"

"Ó wà lọ́rùn gìtá."

"Lọ́rùn kí ni?"

Ṣùgbọ́n Àkànní ti tẹ orí mọ́lẹ̀. Fáìlì tín-ín-rín tí ó fi ń gé kọ́kọ́rọ́ ni ó fi ń la ojú sí egungun náà, á là á díẹ̀, á fẹ́ atẹ́gùn sí i, á fi okùn wọ̀n ọ́n. Èṣùbíyì ní tirẹ̀ ṣí ẹ̀yìn gìtá, ó fi òjé jó àwọn wáyà tó ti ń já pọ̀. Gìtá náà ti ń kùn bí oyin bí wọ́n bá ti tan iná sí i, Èṣùbíyì wá tẹ́ bébà dídán inú páálí sìgá yí inú rẹ̀ ká, kíkùn náà sì dákẹ́. Ó wá so ó mọ́ ikùn rédíò ńlá kan tí ẹni tó ni ín kò padà wá gbà, ohùn gìtá sì ń ti ibẹ̀ jáde ketekete. Bí oníbàárà bá wá ra ìṣó, Àkànní á kọ́kọ́ fi egungun hàn án. Ẹlòmíì á gbàgbé ohun tó wá rà.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kò gbóògùn. Bọ́tìnì tí wọ́n fi ń mú ohùn lọ sókè sódò, nígbà tí wọ́n ti yí gìtá sí ti ọwọ́ ọ̀tún, òkè ni ó bọ́ sí, ibi tí apá máa ń gbà kọjá. Bí ìgbúnwọ́ bá ti kàn án báyìí, ohùn á kú. "Ìyẹn kò le," ni Àkànní wí. "Fadékẹ́ á máa gbé apá sókè."

Nígbà tí Fadékẹ́ wálé ní Sátidé, bàbá rẹ̀ gbé gìtá jáde bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ọmọ náà kígbe ayọ̀, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì gbé gìtá kọ́ ọrùn. Ọrùn gìtá náà dojú kọ apá ọ̀tún rẹ̀.

"Rárá, rárá, òsì nìyẹn!" Àkànní sáré bá a yí i padà. "Òsì ni wọ́n ṣe é fún tẹ́lẹ̀, a ti tún un ṣe. Ọwọ́ ọ̀tún ni kóo fi ta á."

Fadékẹ́ wo bàbá rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì wo ilẹ̀. "Okay, Daddy," ni ó wí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Kí n má parọ́, ewúrẹ́ tó ń sáré lórí páànù ṣe dáadáa jù ú lọ. Ìka rẹ̀ ń wá okùn, okùn ń sá fún un, ìgbúnwọ́ rẹ̀ sì ń pa ohùn gìtá ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ dùn. Ọláníkẹ́ ní, "Ó dáa o, ó dáa," bí wọ́n ti ń sọ fún ọmọ tó ṣubú lórí pápá. Fadékẹ́ ní òun á gbìyànjú sí i. Ó padà sí Ekosodin láìjẹun tán.

Àkànní kò lè jẹun bí ọkùnrin láti ìgbà náà. Ṣé Dókítà Adégbọlá parọ́ fún òun ni? Ọkùnrin náà kò sì jọ òpùrọ́. Kí ni òun á sọ fún Ìyá Ìjọ? Ìyẹn ṣì kéré. Kí ni òun á sọ fún Ọlọ́run, tí òun bá ṣèlérí orin, tí òun wá gbé ariwo lọ? Ẹ̀jẹ́ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ṣeré. Ẹni tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ tí kò san án, ọwọ́ rẹ̀ kì í fara balẹ̀ lórí ohun tó gbà. Bí inú bá tilẹ̀ ta á díẹ̀, á fọwọ́ dì í mú, á máa làágùn.

Ní Sátidé tó ṣáájú ìkórè, ó ń ti ọjà bọ̀ lọ́sàn-án nígbà tí ó gbọ́ gìtá láti ṣọ́ọ̀bù Èṣùbíyì. Orin ìyìn kan tí wọ́n máa ń kọ ní ìjọ ni. Gìtá náà ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ó ń ṣẹ́ ojú sí ẹni, ó ń dúró níbi tí ènìyàn bá fẹ́ mí, ó tún ń lọ. Àkànní rò pé rédíò ni. Ó fi orí yọ láti béèrè ilé-iṣẹ́ rédíò tí ó ń gbé irú orin bẹ́ẹ̀ jáde.

Fadékẹ́ ni ó rí, ó ti wálé, ó sì ti so gìtá mọ́ rédíò ńlá Èṣùbíyì. Gìtá pupa ni ó wà lọ́rùn rẹ̀, ọrùn gìtá dojú kọ ọ̀tún, ọwọ́ òsì ni ó sì fi ń ta á. Inú Àkànní dùn débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ jó. Kò tíì gbé ẹsẹ̀ náà tí ẹ̀rù fi bà á.

"Fadékẹ́! Ọwọ́ wo nìyẹn?"

Ọmọ náà dá dúró, ó fò dìde. "Daddy, abeg, no vex. Na so I learn am."

Bí wọ́n ti ń bi í ni ọ̀rọ̀ ń tú jáde. Gìtá ẹgbẹ́ tó wà ní yunifásítì, ti ọwọ́ ọ̀tún ni. Lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ gbé e, ọwọ́ òsì rẹ̀ ni ó lọ bá okùn fúnra rẹ̀, ó kàn yí gìtá náà pa dà sódì ni, tí okùn tó nípọn bọ́ sísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣe kọ́ ọ. Èṣùbíyì gbá orí ara rẹ̀. Gìtá tí Àkànní pa okùn rẹ̀ dà yìí, bí ẹni tó ń lo òsì bá gbé e, ìsàlẹ̀ gan-an ni okùn tó nípọn wà. Bọ́tìnì náà sì kúrò lọ́nà ìgbúnwọ́.

"Àkànní, àṣìṣe rẹ tún un ṣe fún un o! Ká ní o fi í sílẹ̀ bó ti wà lọ́dọ̀ Osayande, kì bá mọ̀ ọ́n ta."

Àkànní kò rẹ́rìn-ín. "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ṣé ilé Ọlọ́run ló wá yẹ ká fi í júwe?"

Fadékẹ́ bọ́ gìtá, ó gbé e kọ́ bàbá rẹ̀ lọ́rùn ní ti ọwọ́ ọ̀tún. "Daddy, play am." Àkànní fi ìka ọ̀tún ta okùn kan. *Gbìn.* Ó tún ta á. *Gbìn* náà ni. "Now put your left finger for here, press." Ó tẹ̀ ẹ́, ohùn náà yí padà. Ó sún ìka òsì síwájú, ohùn tún yí.

"Which hand dey find the voice?"

"Òsì," ni Àkànní wí jẹ́jẹ́.

"Ehen. The right one dey knock door, na left dey open am. But when na me carry am, na my right hand dey open."

Àkànní wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀rín wá bú jáde lẹ́nu rẹ̀. "Èṣùbíyì, o gbọ́? Gbogbo onígìtá tí mo ti ń lẹ owó mọ́ níwájú orí láti ìgbà èwe mi, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń kì mí!" Ó ní kí Fadékẹ́ gbà á, kí ó tún orin yẹn ta. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún ara rẹ̀ bí ẹni tó rí ọjà olówó pọ́ọ́kú.

Ọjọ́ ìkórè pé. Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbàdo kún iwájú pẹpẹ, ìjọ kún dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n pe Fadékẹ́. Ó jókòó ti rédíò ńlá Èṣùbíyì, ó gbé gìtá lé itan, ó ta ìbẹ̀rẹ̀ orin, àwọn ènìyàn sì ti ń mi orí. Ìgbà náà ni Ìyá Ìjọ dìde níbi tó jókòó sí níwájú.

"Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó dá a dúró. Òsì ni ọmọ yìí fi ń ta á."

Pásítọ̀ wo Àkànní. Àkànní ti múra sílẹ̀ fún èyí, ó dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọwọ́ tó ń kan ilẹ̀kùn àti ọwọ́ tó ń ṣí i. Ó ṣàlàyé dáadáa. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn ọ̀dọ́ tilẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ìyá Ìjọ kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Fadékẹ́, ẹnu yín dùn, kò sí ẹni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ nìyí. Lọ́jọ́ tí ẹ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, Ọlọ́run kò bá yín nájà."

Àkànní yí ojú sí iwájú, ó sì rí Fadékẹ́. Ọmọ náà ti tẹ orí ba, ó ń rọra yí gìtá padà sí ọwọ́ ọ̀tún, láìwo ẹnikẹ́ni. Ohun tí Àkànní rí náà gún un lọ́kàn ju ọ̀bẹ dókítà lọ.

"Fadékẹ́, má yí i."

Ohùn rẹ̀ kò rọ̀, kò sì le. Ó yíjú sí Ìyá Ìjọ.

"Ìyá, òótọ́ ni ẹ sọ. Ọlọ́run kò bá mi nájà. Ó kó gbogbo ara mi fún mi padà. Ẹ̀yin lẹ gbọ́ ohun tí mo sọ, mo ní ọmọ mi á yìn Ín. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ó fún èmi àti Ọláníkẹ́. Ọwọ́ òsì yẹn wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ tí Ó gbé e fún wa. Bí mo bá yọ ọ́ sílẹ̀ lónìí, tí mo wá kó ìyókù fún Un, mo rẹ́ Ọlọ́run jẹ nìyẹn. Gbogbo ènìyàn ni mo lè bá nájà. Mi ò lè bá A ná ọmọ mi."

Ìyá Ìjọ wà lórí ìdúró, ó ń wo Àkànní, lẹ́yìn náà ó wo Fadékẹ́ pẹ́.

"Èmi ni mo ṣe àmín sí i," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "N kò lè gbà á padà. Ta á, ọmọ mi. Gbogbo rẹ ni kóo fi ta á."

Fadékẹ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó gbé gìtá bó ṣe mọ́ ọn lára, ó sì ta á. Ìyá Ìjọ kò jókòó títí orin náà fi parí. Omijé ń dà lójú Àkànní, gbogbo ìjọ ń wò ó, kò sì nù ún.